Oògùn Gbòdì Lára Mi: Kí La Ó Pe Iṣẹ́ Tí A Ò Rán Oògùn?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú dábàá pé kí a máa pe ohun tí oògùn ń dá sílẹ̀ lára aláìsàn, yàtọ̀ sí ìwòsàn, ní “àtubọ̀tán ẹ̀gbẹ́”. Wọ́n ní kí aláìsàn tó bá rí i “fẹjọ́ sùn”. Ẹ̀rí wọn ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà nínú ìwé pélébé tí àwọn ilé ìwòsàn kan ń pín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, àmọ́ mi ò lè gbà á, nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé wa, mo sì rí ohun tó fà.

Aláró ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta ni ìsọ̀ wọn wà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, wọ́n sì fún wọn ní lisinopril. Ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ dáadáa. Kò tíì pé oṣù méjì tí ikọ́ gbígbẹ kan gbé wọn, ikọ́ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rárá, tó kàn ń yún wọn lọ́fun, pàápàá lóru. Wọ́n jẹ orógbó títí ẹnu wọn fi korò, wọ́n lá oyin, wọ́n mu àgbo. Nígbà tí kò lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oníbàárà. Bí ikọ́ náà bá ti fẹ́ dé, wọ́n á yára bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n á fi etí ìró bo ẹnu, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ikọ́ ife ni.

Ìwé pélébé náà wà nínú àpò wọn ní gbogbo ìgbà yìí. Èmi ni mo kà á sí wọn létí: “Bí ẹ bá rí àtubọ̀tán ẹ̀gbẹ́ kankan, ẹ fẹjọ́ sùn.” Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Àtubọ̀tán tèmi ò ní burú, lágbára Ọlọ́run. Ẹ̀gbẹ́ ò sì dùn mí, ọ̀fun ni. Ta wá ni kí n lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi?”

Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kò tọ̀nà nínú èdè wa. Ìkẹyìn ayé ẹni ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú àtubọ̀tán, ohun tí a ń gbàdúrà sí ni. Ẹ̀gbẹ́ kò sì kan ọ̀rọ̀ náà rárá, “side effect” ti Gẹ̀ẹ́sì ló wọ dàǹṣíkí síbẹ̀. Èyí tó wá burú jù lójú mi ni ẹjọ́. Ẹjọ́ kò lè ṣe kó má ní ẹni tó jẹ̀bi, àwọn àgbà sì ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyá arúgbó wo ló fẹ́ di ọ̀tá nọ́ọ̀sì tí yóò tún fún un ní oògùn lóṣù tó ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ ni gbòdì. “Oògùn náà gbòdì lára mi.” Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kí ìjọba tó pa chloroquine tì nínú ìtọ́jú ibà ní 2005, ẹ rántí ìyún rẹ̀. Kò sí ìléròrò kankan lára, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta ọ́ bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún ọ, bí omi bá sì kàn án, ó di ẹkún. Màmá mi á máa fi kànrìnkànrìn gbígbẹ ra mí lẹ́yìn, wọ́n á máa sọ fún aládùúgbò pé ó ti gbòdì lára ọmọ yìí. Aládùúgbò nìkan ni wọ́n ń sọ fún o. Torí ìyún yìí, ọ̀pọ̀ ló ń da oògùn nù kó tó tán, ibà á sì tún padà wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan, apòògùn ní Kútọ̀, bá mi jiyàn pé gbòdì wúwo jù. Ó ní ẹni tó lo Piriton, oògùn ara yíyún, tí oorun ń kùn, ṣé a ó ní ó gbòdì lára rẹ̀ ni? Òótọ́ ló sọ. Gbòdì dára fún èyí tó ń nini lára, a ṣì nílò ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ jù ú lọ.

Ibi tí mo ti rí i nìyí. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, a ní ó jẹ́. Àwọn àgbà ní bí oògùn ò bá jẹ́, ewé kan ló kù. Jẹ́ yìí náà ló wà nínú jíṣẹ́, ohun tí ìránṣẹ́ ń ṣe. Lójú Yorùbá, ìránṣẹ́ ni oògùn, a rán an wọ inú ara. A rán lisinopril sí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó jẹ́ ẹ, ó sì tún lọ fa ikọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Mo dábàá pé kí a máa pe gbogbo rẹ̀ ní “iṣẹ́ tí a ò rán oògùn”. Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò gbọ́ ọ.

Ohun tí aláìsàn yóò ṣe nípa rẹ̀ ńkọ́? Ẹnìkan níbí ní kí a lo “ròyìn”, torí pé Abẹ́òkúta náà ni Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ìwúrí ni fún èmi ọmọ Ẹ̀gbá, àmọ́ etí gbogbo ayé ni ìròyìn ń lọ, ọ̀rọ̀ ara ẹni kì í sì í ṣe ti gbogbo ayé. Jábọ̀ ni tèmi. Jẹ́ yẹn náà tún ni, jẹ́ àbọ̀. Ẹni tí a fi nǹkan rán ló ń padà wá jábọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta tí a kò gbọdọ̀ jù sẹ́yìn ni ìfura. Àwọn ènìyàn rò pé ó dìgbà tó bá dá wọn lójú pé oògùn ló fà á kí wọ́n tó jábọ̀. Ìfura ti tó. Ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń dán oògùn wò lára wọn kó tó dé ọjà, ohun tó ń ṣe ẹyọ ẹnìkan nínú ẹgbàárùn-ún lè má hàn níbẹ̀. Thalidomide ti kọ́ ayé lọ́gbọ́n. Àwọn aboyún lò ó nítorí èébì, ó lé ní ẹgbàárùn-ún ọmọ tó jìyà rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò gùn tó, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò lọ́jà ní 1961. Láti 1968 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kó irú àbọ̀ yìí jọ káàkiri ayé, Nàìjíríà sì dara pọ̀ ní 2004. Ọ̀dọ̀ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ni tiwa ń lọ. Dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn lè bá ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, áàpù Med Safety tí a fi ń jábọ̀ náà sì wà lórí fóònù láti 2020. Bí ẹ bá ń mu àgbo mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ jábọ̀. Dókítà pààrọ̀ oògùn wọn sí losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ikọ́ náà sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò dá oògùn dúró fúnra wọn, ẹ jọ̀ọ́, kí a fi ìyẹn náà sínú ìwé.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ ni: “Bí oògùn yìí bá ń jẹ́ iṣẹ́ tí a ò rán an lára yín, tàbí tí ẹ bá fura pé ó fẹ́ gbòdì, ẹ tètè wá jábọ̀ fún wa.”

Ó ku nọ́ńbà ara páálí (batch number), èyí tó ń sọ àwọn oògùn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù máa ń béèrè rẹ̀. Mo ń wá ọ̀rọ̀ fún un nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí n yé da ara mi láàmú: bí aṣọ kan bá ń ṣí, àwọn á béèrè ìkòkò aró tó ti jáde, kí àwọn lè yẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. “Nọ́ńbà ìkòkò” ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?