Géèmù àtijọ́ wo ló yẹ kí wọ́n jí dìde, tí èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá?

OmoAlare_IJ (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà nídìí géèmù. A fẹ́ ṣe ìdíje kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ ìlú bá ti wálé, tí gbogbo régbérégbé ti péjọ. Bọ́ọ̀lù ti sú àwọn èèyàn. Géèmù PS2 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ là ń wá, tí èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá lójú tẹlifíṣọ̀n kan, tí ẹni ogójì ọdún á rántí, tí ọmọ yunifásítì OOU tí kò gbá a rí náà á sì mọ̀ ọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé.

Ohun tó wà nílẹ̀: PS2 slim mẹ́ta (méjì jẹ́ ẹ̀yà 77000, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yà 90000), PS2 ńlá kan (ẹ̀yà 50000), tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ mẹ́ta, ọ̀kan àtijọ́ tó níkùn lẹ́yìn, àti lápútọ́ọ̀pù kan.

Méjì ni ìbéèrè mi. Nínú àwọn tí ayé ti gbàgbé, èwo ló tọ́ kí àwọn tó ni ín tún un ṣe, kí ló sì ń dá wọn dúró? Títí wọn á fi ṣe é ńkọ́, báwo la ṣe máa gbá a tí ẹ̀rọ kò ní dákú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín ìdíje? Ẹ má dárúkọ San Andreas fún mi o. Ta ló gbàgbé ìyẹn?

PaadiRemo (Ṣàgámù):

Urban Reign ni. Namco ló ṣe é ní 2005, orí PS2 nìkan ló wà. Ọdún yẹn náà ni Xbox 360 dé, ojú ayé ti ń kúrò lára PS2, ló bá bọ́ sáàárín. Ìjà ìgboro ni. Ẹni mẹ́rin lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè pín ara yín sí méjì-méjì, ẹ sì lè jà ní olóríjorí. Wọ́n pín ara oníjà sí ọ̀nà mẹ́ta: orí, àyà àti ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ bá ń lù ṣáá ló máa kọ́kọ́ jọ̀wọ́, lẹ́yìn náà ni ìlù kékeré síbẹ̀ á máa dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kàn ń tẹ bọ́tìnì bí ẹni ń gún iyán, kíá ni yóò dìde fún ẹlòmíràn. Paul Phoenix àti Marshall Law inú Tekken náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá a dé ibi tí wọ́n á ti ṣí. Ẹ tètè ṣe ìyẹn kí ọjọ́ ìdíje tó pé, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì kejì.

Àléébù rẹ̀ wà. Mísọ̀n 100 ló ní, ibi ìjà kan náà ló sì ń padà wá lemọ́lemọ́, kọ̀ǹpútà sì ń yẹ ìlù ju bó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni kí wọ́n tún ṣe. Ìjà fúnra rẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá. Bandai Namco ló ni géèmù yìí, àwọn náà ló ni Tekken, kò sí olórin kankan tí wọ́n máa lọ bẹ̀. Tí wọn ò bá tún un ṣe, ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n.

Èkejì ni Def Jam: Fight for NY, géèmù ìjà àwọn olórin hip-hop, 2004. AKI ló ṣe é fún EA. Oríṣi ìjà márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè fún oníjà tí ẹ dá fúnra yín ní mẹ́ta pọ̀. Àwọn òǹwòran tó yí wọn ká á di ẹni tí ẹ jù sí wọn mú kí ẹ lè lù ú dáadáa. Ní ibùdó rélùwéè, ẹ lè ti èèyàn sábẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Èèyàn gidi tí ojú wọn wà nínú rẹ̀ lé ní 40: Snoop Dogg, Method Man, Busta Rhymes, Lil' Kim. Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Orin kọ̀ọ̀kan ní àdéhùn tirẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn míì sì ti kú, bí Prodigy tó kú ní 2017, àwọn tó jogún wọn ni èèyàn á lọ bá sọ̀rọ̀. Owó àṣẹ lè ju owó iṣẹ́ lọ. Èyí tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n mú ìlànà ìjà yẹn, kí wọ́n fi àwọn ojú tuntun sí i.

Ẹ ṣọ́ra níbi multitap o, ìyẹn àpótí tó ń sọ ihò páàdì kan di púpọ̀. Ihò páàdì méjì péré ni PS2 ní, ẹni mẹ́rin kò lè gbá láìsí i. Ti PS1 (SCPH-1070) kò bá géèmù PS2 ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ wọ ihò. Ti PS2 ńlá ni SCPH-10090, kò bá slim mu. Ti slim ni SCPH-70120. Àwọn tó ń tà á kì í sábà mọ ìyàtọ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kà kí ẹ tó sanwó.

AgbaTerminator (Àgọ́-Ìwòyè):

Ẹ̀yin ọmọdé, PS2 ni àtijọ́ lójú yín?

Battle City, ìyẹn géèmù ọkọ̀ ogun tó máa ń wà nínú káátíríìjì Terminator. Namco, 1985. Ìpele 35, ọkọ̀ ọ̀tá 20 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kẹrin, ìkọkànlá àti ìkejìdínlógún ló máa ń ṣẹ́jú, àwọn ni wọ́n gbé ẹ̀bùn. Èyí tó nípọn jù, ìbọn mẹ́rin ló ń gbà kó tó fọ́. Ẹni méjì ló ń gbá a, wọ́n á jọ máa ṣọ́ ẹyẹ idì tó wà nísàlẹ̀. Ó ní ibi tí ẹ ti lè ya pápá ogun tiyín, àmọ́ lórí àwọn Terminator wa yìí, tí iná bá ti lọ, ó parí. Ẹ fi ẹni mẹ́rin sí i, ẹ jẹ́ kí pápá tí èèyàn bá yà ṣeé tọ́jú, kí ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó nìyẹn?

Cadillacs and Dinosaurs, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mustapha. Capcom, 1993, ẹni mẹ́ta. Inú ìwé àwòrán Mark Schultz ni wọ́n ti mú un, orúkọ mọ́tò Amẹ́ríkà sì wà lára àkọlé rẹ̀. Bí Capcom ṣe kó géèmù ìjà ìgboro méje jọ ní 2018, wọ́n fi Mustapha sílẹ̀ síta. Ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ gan-an burú jù: bátìrì wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ètò inú rẹ̀ pa. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, bọ́ọ̀dù kú nìyẹn, àfi tí ẹnì kan bá ti bá a tún un ṣe.

Bloody Roar náà ń kọ́? Oníjà tó ń di kìnnìún, tó ń di ìkookò. Ẹ̀kẹrin jáde ní 2003, látìgbà náà kò sí tuntun. Hudson ló ni ín, Konami gbé Hudson mì ní 2012. Ẹni méjì-méjì ni o, kò bá ìdíje yín mu.

IyaGeemu_Ikenne:

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gbogbo géèmù kọ́ ló nílò kí wọ́n tún un ṣe. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀ ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni kí wọ́n kàn gbé e wá bó ṣe wà. Òmíràn ni kí wọ́n fọ ojú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n tún un kọ láti ìpìlẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe Resident Evil 2 ní 2019. Ìkẹta yìí ló ń gbówó jù, òun náà ló sì máa ń yọ gbígbá ojú tẹlifíṣọ̀n kan kúrò, torí àwọn oníṣòwò ti gbà pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé wà. Fún ilé géèmù ní Ìkẹnnẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ò wúlò.

Ohun tí kò sí lẹ́nu yín ni sọ́ọ̀sì kóòdù, ìyẹn ohun tí àwọn tó ṣe géèmù kọ gan-an. Silent Hill HD Collection ti 2012, kóòdù tí kò tíì parí ni wọ́n rí gbé fún àwọn tó ṣe é, èyí tó jáde gangan ti sọnù. Kùrukùru tó yẹ kó bo ìlú di bàìbàì, àwọn àṣìṣe tí wọ́n ti tún ṣe tẹ́lẹ̀ sì padà wá. Nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ "fọ" géèmù, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá kóòdù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ìdíje, Power Stone 2 ni màá mú. Capcom, 2000, lórí Dreamcast, ẹ̀rọ géèmù Sega. Ẹni mẹ́rin lójú kan náà, ilẹ̀ ibi ìjà ń yí padà bí ẹ ṣe ń jà, ẹ ń sá, ẹ ń gbé nǹkan jùra yín, ẹni tó bá sì kó òkúta mẹ́ta jọ á yí padà di alágbára. Bọ́tìnì rẹ̀ kò pọ̀, ọmọ tuntun á gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kò nílò PS2 fún un: ó wà nínú Capcom Fighting Collection 2 tó jáde ní May 2025 fún PS4, Switch, Xbox àti kọ̀ǹpútà. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n gbé e wá, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

LensiDoctor (Ìjẹ̀bú-Igbó):

Ẹ jẹ́ n dáhùn ìbéèrè kejì, torí òun ló máa bà yín lórúkọ jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́ǹsì. Ọjọ́ orí wọn ti tó, èruku gẹdú ibí yìí kò sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ nù ún, òwú etí àti ọtí isopropyl 99% ni, ẹ̀kán kan ṣoṣo, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Sípírítì ọgbẹ́ ní omi nínú, á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ má yí àwọn síkírù kéékèèké ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì rárá. Á ka síídì fún ọjọ́ díẹ̀, iná tó pọ̀ jù tó ń gbà á ni yóò sì pa á. Tí ẹ bá ra KHS-400C tuntun fún PS2 ńlá yẹn, ẹ wo ojú wáyà rẹ̀: òjé kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi so ojú méjì pọ̀ kí iná ara èèyàn má bàa bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́. Àìmọ̀ èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé lẹ́ǹsì tuntun kú sínú páálí.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí gbogbo wọn máa ka géèmù láti inú lápútọ́ọ̀pù. Ẹ fi ètò ImgBurn ṣe ISO (ẹ̀dà díìsìkì nínú fáìlì kan) láti ara díìsìkì tiyín. Ẹ fi Free McBoot, ètò tó ń jẹ́ kí PS2 ṣí ètò àdáni láti orí káàdì, sórí mẹ́mọ́rì káàdì gidi 8MB, ẹ fi Open PS2 Loader (OPL), èyí tó ń ṣí ISO, sí i. Ẹ so lápútọ́ọ̀pù àti PS2 mọ́ switch nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kékeré (àpótí tó ń so wọ́n pọ̀) pẹ̀lú wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Slim ní ihò rẹ̀ lẹ́yìn, ti ńlá nílò àdápútà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń wọ ẹ̀yìn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí 192.168.1.11, .12, .13. Ẹ ṣe fódà kan lórí lápútọ́ọ̀pù, ẹ fi fódà DVD sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ISO á wà. Tí OPL bá sọ pé òun ò rí i, SMB1 ni, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì: Windows ti pa á tì, ẹ máa ṣí i padà. Kò láàbò, nítorí náà ẹ yọ lápútọ́ọ̀pù yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ìdíje á fi parí.

Ẹ má lo fúláàṣì. Ihò USB ti PS2 jẹ́ 1.1, fídíò inú géèmù á máa já lulẹ̀, ohùn á máa kọsẹ̀. Tó bá di dandan, FAT32 ni. ISO tó bá ju 4GB lọ, ètò USBUtil ni kí ẹ fi gé e, kí fáìlì má sì fọ́n káàkiri ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ OPL kò ní ṣí i.

Díìsìkì tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SLUS ni kí ẹ wá, ti Amẹ́ríkà, ó ń sáré ní 60Hz. SLES jẹ́ ti Yúróòpù, 50Hz, púpọ̀ nínú wọn lọ́ra, àwọn tó mọ géèmù náà á sì mọ̀ lára bọ́tìnì wọn.

Tẹlifíṣọ̀n tó níkùn yẹn ni kí ẹ fi ṣe àṣekágbá. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ máa ń kọ́kọ́ da àwòrán PS2 pọ̀ kó tó fi hàn, ìyẹn ló ń fa kí ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ìlù sì pẹ́ kó tó dé. Lórí àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ lo wáyà component oníhò márùn-ún dípò wáyà aláwọ̀ yẹ́lò, kí ẹ sì tan Game Mode.

OmoAlare_IJ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Doctor, Ọlọ́run á bùkún yín. Ìyá Géèmù náà, ẹ ṣé. A máa wá PS4 kan fún Power Stone 2. 90000 yẹn kọ Free McBoot o, ó kàn ń lọ sí ojú àkọ́kọ́ lásán. Àti iná: ṣé jẹnẹrétọ̀ 950 lè gbé gbogbo wọn?

LensiDoctor:

Ẹ dojú 90000 dé, ẹ wo kóòdù ọjọ́ abẹ́ rẹ̀. 8B sẹ́yìn, Free McBoot á ṣiṣẹ́. 8C, ó lè gbà, ó sì lè kọ̀. 8D síwájú, wọ́n ti dí ọ̀nà yẹn pa. OpenTuna, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ni kí ẹ fi sórí káàdì dípò rẹ̀. Ẹ wọ Browser, ẹ ṣí mẹ́mọ́rì káàdì, òun fúnra rẹ̀ á gbé ara rẹ̀ dìde. Ẹ ya káàdì yẹn sọ́tọ̀, ẹ má fi ìtọ́jú géèmù kankan sórí rẹ̀.

Ní ti iná, PS2 slim kan kò tó wáàtì 50, tẹlifíṣọ̀n LED 32 náà sì wà ní àyíká iye yẹn. PS2 mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n wọn pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù, ẹ ti ń sún mọ́ 500, 950 kò sì gbé ju nǹkan bíi 650 lọ. Ó lè gbé e, àmọ́ ẹ má so fáànù mọ́ ọn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rọ epo: tí iná bá kú nígbà tí géèmù ń kọ nǹkan sórí mẹ́mọ́rì káàdì, gbogbo oníjà tí ẹ ti ṣí lè lọ. Ẹ pa autosave (kí géèmù má máa tọ́jú ara rẹ̀), kí ẹ sì yọ káàdì kejì kúrò lára ẹ̀rọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

PaadiRemo:

Multitap slim méjì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ṣàgámù níbí. Ẹ kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.