Kí ló dé tí àwọn tá a dìbò yàn kì í fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn?

ỌmọMọ́lété: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. 1960, 1963, 1978, odò Ògùnpa ń ya wọ ìlú. 31 August 1980, ó gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ. 26 August 2011, òkú tún sùn. Kò sí gómìnà tí kò mọ ìtàn yìí. Kí ló wá dé tó jẹ́ títì ọlọ́dà ni wọ́n ń ṣí, tí wọn kì í gbẹ́ odò kí òjò tó dé? Ṣé wọn ò gbọ́n ni?

BàbáPláànù: Ọmọ mi, wọ́n gbọ́n jù. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀dà pupa lọ sàmì sára ilé tó sún mọ́ odò, tí wọ́n fẹ́ wó kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Tá a bá sàmì láàárọ̀, kó tó dalẹ́, onílé ti dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, mọ́gàjí ti ránṣẹ́ sí alága wọ́ọ̀dù, alága ti pe ọ̀gá wa: "Ẹ rọra, ìbò ń bọ̀." Ìgbà wo nìbò ò bọ̀? Ọdún mẹ́rin péré ni sáà kan. Ilé tí wọ́n bá wó, onílé, ayálégbé, ẹbí tó wà lókè òkun, gbogbo wọn ló máa mọ orúkọ gómìnà tó wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ì bá gbé lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí kò gbé mọ́, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n yọ òun. Ta ló máa wá dìbò ọpẹ́?

ÌyáÒkèÀdó: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló lu òǹtẹ̀ sórí pláànù ilé ọ̀hún? Ẹ lù ú tán, ẹ wá wó o, kò sówó gbà-máà-bínú, ẹ tún ní aráàlú ló ń díná.

BàbáPláànù: Owó yẹn gan-an ni, ìyáàfin. Kì í sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Àyìnlá: Wọn ò pa gbogbo ẹ̀ tì ṣá. 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là lórí omíyalé Ìbàdàn. Ayé Gómìnà Ajímọ̀bí ni, Mákindé tó jẹ gómìnà tẹ̀ lé e bá a níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àdéhùn wà nílẹ̀, ayánilówó ń ṣọ́ wọn. Ká ní owó ìpínlẹ̀ nìkan ni, ẹ máa rí i.

ỌmọMọ́lété: Tí ayánilówó bá wá kó ìwé rẹ̀ lọ ńkọ́? Ta ló máa kó yẹ̀pẹ̀ inú gọ́tà lọ́dọọdún?

BàbáPláànù: Alága káńsù yín ni kó o bi. Kó o tètè bi í kí wọ́n tó dìbò o.