Ṣé ẹni tí kì í bá èèyàn du ipò lè rọ́wọ́ mú nílé ẹ̀kọ́ òfin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti gbà mí wọlé láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, ọdún 3 gbáko, àmọ́ àyà mi ń já. Èmi kì í bá èèyàn du ipò kìíní. Mo máa ń kàwé mi, mo sì máa ń sùn lásìkò. Bí wọ́n bá ń sáré ìje, èmi ni màá bá wọn di báàgì mú.

Máàkì ló ń dẹ́rù bà mí jù. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìdánwò kan ṣoṣo ní ìparí sáà ló sábà máa ń pinnu gbogbo kọ́ọ̀sì, wọ́n á sì fi iṣẹ́ rẹ wé ti ẹlẹgbẹ́ rẹ kí wọ́n tó fún ọ ní A tàbí B. Mo lè mọ̀ ọ́n dáadáa, kí àwọn yòókù sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ!

Mo tún lọ jókòó wo kíláàsì kan. Olùkọ́ kàn ṣàdédé pe ọmọkùnrin kan pé kó ṣàlàyé ẹjọ́ tí wọ́n kà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń ṣí ìwé. (Èmi tí wọn ò pè gan-an ń làágùn.)

Kì í ṣe ẹjọ́ rírò ní kóòtù ni mo ń lé. Ìwé àdéhùn àti ìwé ìpíngún ló wù mí kí n máa kọ.

Ẹ̀yin oníwọ̀ntúnwọ̀nsì tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé ẹ wá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń kàwé ni, àbí ẹ dá tiyín kà?