AS ni mí, AS ni àfẹ́sọ́nà mi: ṣé ká ṣì fẹ́ra wa ni?

ỌmọYábà: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Àwọn òbí wa ti ń mú ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, wọn ò tíì gbọ́ nípa genotype wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ tí a máa bí ń bà mí. Ṣé ká fi í sílẹ̀ ni?

Láàbù_Múṣin: Àbúrò, ẹ kọ́kọ́ tún àyẹ̀wò ṣe ní láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ní HPLC lẹ fẹ́, ìyẹn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya irú hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sickling test, èyí tó kàn ń wò bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé, nìkan ò tó, kò lè ya AS (ẹni tó kàn gbé e lára) sọ́tọ̀ kúrò lára SS (ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde), kò sì rí C (bíi ti genotype AC) rárá. Ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó ní sùúrù ná, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ á wà nínú èsì ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ orúkọ yín sára ìgò ẹ̀jẹ̀ lójú yín. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àràbà: Tó bá jẹ́ AS méjì lóòótọ́, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀: 25% SS, 50% AS, 25% AA. Àwọn tó ń sọ pé ẹyọ kan péré ni nínú ọmọ mẹ́rin ń tan ara wọn. Èèyàn lè bí SS mẹ́ta tẹ̀ léra.
IVF wà, ìyẹn kí wọ́n so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù, tí wọ́n á yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Owó gọbọi ni, ó sì lè má dúró lẹ́ẹ̀kan. Àyẹ̀wò inú oyún náà wà láti bí ọ̀sẹ̀ 11, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ibi ọmọ. Àmọ́ tó bá jáde sí SS ńkọ́? Òfin Èkó ò fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ nítorí ìyẹn. Ẹ jọ lọ bá àwọn olùdámọ̀ràn Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà, níwájú LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó.

Ìyá_Ṣómólú: Ọmọ mi, kí ìdílé tó pàdé ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti ra aṣọ ẹbí tán, ojú á máa tì yín láti sọ̀rọ̀. Ọmọ SS ń lo penicillin lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ títí á fi pé ọdún 5, folic acid lójoojúmọ́, oògùn ibà, omi púpọ̀. Ta ló máa gbé e lọ sílé ìwòsàn bí ìrora bá dé lóru? Ṣé ọkọ gbà láti gba ọmọ tọ́? Bí ẹnu yín ò bá kò, tí kò sì sówó IVF, mo bẹ̀ ọ́, ẹ pínyà báyìí.

ỌmọYábà: Ẹ ṣé gan-an, mà. Màá sọ fún àfẹ́sọ́nà mi lálẹ́ yìí. Ṣé a lè jẹun kí a tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀?

Láàbù_Múṣin: Ẹ jẹun dáadáa, kò ní kí èsì yí padà.