Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: ilé bàbá wa àgbà tí igbó ti bò, báwo la ṣe máa wọ̀ ọ́?

Ọmọ Olóyè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí mi fẹ́ fọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí bàbá bàbá wa kọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ilé Àgùdà, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sára ògiri rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Igbó ti bò ó débi pé páànù orí rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí láti títì.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ni kò jẹ́ kí n rímú mí. Ojoojúmọ́ ló ń pè: "Fọ́tò dà? Fídíò dà?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà ṣì ṣe é tún ṣe, bẹ́ẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin ní tá a bá wọbẹ̀ láì pe òun, ọ̀rọ̀ á dé kóòtù. Ẹni tó ń pa igbó gbowó lọ́wọ́ mi, ó pa ẹnu ọ̀nà nìkan, ó ní òun rí ejò, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò dá owó padà títí di báyìí. Àwọn aládùúgbò tún ń sọ pé iwin ń gbé ibẹ̀.

Ìbéèrè mi: oògùn apagbó wo ló lágbára jù, kí gbogbo ẹ̀ kú kíákíá? Kí sì ni wọ́n máa ń fi lé ejò? Sátidé la fẹ́ wọlé, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ gbàdúrà.

Bíríkìlà Àgbà:
Bíríkì ni ògiri náà àbí amọ̀? Páànù orí rẹ̀ pé? Pákó ni àjà òkè? O kọ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń ṣe, o ò kọ èyí tá a fẹ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, amọ̀ ni inú ògiri wọn, sìmẹ́ńtì tó wà lára rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Tí omi bá gba òkè wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì yẹn, kò rọ́nà jáde. Amọ̀ á máa rọ̀ nínú, ìta á ṣì máa dán. Fi ìdí òòlù kàn án jẹ́jẹ́: tó bá dún gbọ̀n-ùn, sìmẹ́ńtì ti yà kúrò lára amọ̀ nìyẹn.

Ìyá Olóògùn Oko:
Ọmọ mi, tẹ́nì kan bá fẹ́ ta paraquat fún ọ, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Gramoxone, má rà á. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá ṣèèṣì mu ún kò ní ẹ̀rọ̀. Glyphosate ló kù. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí òjò bá sì rọ̀ kó tó pé wákàtí mẹ́fà, omi lásán lo fọ́n dànù.

Àmọ́ igbó tó bá ti ga ju èèyàn lọ, kì í ṣe oògùn ló kọ́kọ́ kàn. Yóò kú lórí ìdúró ni, igi gbígbẹ á sì tún bo ilẹ̀. Àdá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi gé e dé orúnkún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rú ewé tuntun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà yẹn lẹ ó tó wá fọ́n oògùn sí i. Ewé tuntun ló ń mu oògùn dé gbòǹgbò. Ẹ sì wò ó dáadáa bóyá wèrèpè wà nínú rẹ̀. Irun ara èso rẹ̀ ló ń yún ni, tó bá sì gbẹ, atẹ́gùn lásán ń gbé e. Aṣọ alápá gígùn, ìbòjú. Tó bá bà yín, ẹ má họ ọ́: ẹ lẹ téèpù mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ fà á kúrò, irun náà á bá a jáde.

Ọmọ Olóyè:
Ẹ ṣé, Mà. Amọ̀ ni. Páànù apá ẹ̀yìn ti ṣí lọ, ṣùgbọ́n ti iwájú pé. Iná ńkọ́? Ẹnì kan ní ká kàn dáná sun igbó náà, kíá ló máa tán.

Bíríkìlà Àgbà:
Iná kẹ̀! Pákó tó ti gbẹ láti ayébáyé, àwọn aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì? Èyí tó sì burú jù nínú ohun tó o sọ, "páànù ẹ̀yìn ti ṣí lọ" lo fi sọ ọ́ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Òjò ti ń rọ̀ sórí amọ̀ yẹn tààrà. Kí ẹnikẹ́ni má gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ikán máa ń jẹ inú pákó tán, á fi awọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ìrókò tàbí apá tí ikán kì í fẹ́ràn ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ibi tí igi ti wọ inú ògiri tútù ló kọ́kọ́ ń rà, ojú kì í sì í rí i láti ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Kẹrosíìnì, àlùbọ́sà, imí ọjọ́: kò séyìí tó ń lé ejò nínú wọn. Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ibọ̀wọ́ aláwọ, ọ̀pá gígùn. Ejò dúdú sábà máa ń sá tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá, abẹ́ ewé gbígbẹ ló máa dákẹ́ sí títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ojú kò bá rí, ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn án.

Tó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú. Ẹ di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi kó má baà mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ní Sátidé, ẹ pe ilé ìwòsàn kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní in. Tó bá jẹ́ itọ́ sèbé ló bọ́ sójú, omi tó mọ́, púpọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àdán náà wà níbẹ̀, ó dájú. Ẹ má gbá ìgbẹ́ wọn ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Aláàlà:
Ejò, ejò, ejò. Ṣé kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí kànga wà ni? Ilé ayé ìgbà yẹn, kànga wà lẹ́yìnkùlé, ṣáláńgá wà nípẹ̀kun ọgbà. Pákó tàbí páànù ni wọ́n fi dé wọn, ó ti rà tàbí kó ti dógùn-ún, ewé sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kejì: ẹ má bẹ́ pèrègún kankan.

Ọmọ Kíkéde:
Pèrègún tún ni? Ayé ti lajú o, ẹ má gbé òrìṣà wá síbí.

Aláàlà:
Ta ló dárúkọ òrìṣà? Pèrègún àti akòko ni wọ́n fi ń pa ààlà ilẹ̀. Tí wọ́n bá bẹ́ ẹ tán, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ ilé wá sún fẹ́ǹsì rẹ̀ wọlé, kí ni wọn ó fi hàn ní kóòtù?

Ọmọ Olóyè:
Kànga wà lóòótọ́, bàbá wa máa ń sọ ọ́. A ò kàn mọ ibi tó wà mọ́ ni. A máa rọra rìn.

Aláàlà:
A ò mọ ibi tó wà, a sì fẹ́ kó àwọn ọmọ wọlé! Ẹ wá oparun tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kó nípọn bí ọrùn ọwọ́. Ẹnì kan ṣoṣo níwájú, okùn ní àyà rẹ̀, ẹni méjì mú okùn náà lẹ́yìn. Ibi tí oparun kò bá tíì gún dáadáa, kó má tẹ̀ ẹ́. Apá ilé ìdáná ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, torí ibi tí wọ́n ti ń lo omi ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ kànga sí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ri igi mẹ́rin yí i ká, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn. Tí nǹkan bá jábọ́ sínú rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ inú kànga àtijọ́ lè má tó mí, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ láti yọ ẹni àkọ́kọ́ ló máa ń di òkú ṣìkejì.

Olólùfẹ́ Àṣà:
Èmi bẹ̀ yín, ẹ má wó o. Ẹ rántí Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Tinúbú, l'Ékòó. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n ṣì wó o palẹ̀ ní 2016.

Bíríkìlà Àgbà:
Ẹ̀mí èèyàn là ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ti ohun ìrántí. Ọmọ Olóyè, ṣé ògiri náà lanu níbì kankan? Ṣé igi hù lára rẹ̀?

Ọmọ Olóyè:
Ìyẹn ti yanjú, Bàbá. Igi ọdán ńlá kan hù lára ògiri ẹ̀yìn, mo ti ní kí wọ́n gé e, wọ́n sì fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ pátápátá. Iṣẹ́ tó dáa ni wọ́n ṣe. Ògiri náà kàn lanu díẹ̀ látìgbà yẹn. Ìyá alákàrà tó háyà ìdí ògiri lọ́wọ́ wa ló ń yọ mí lẹ́nu pé yẹ̀pẹ̀ ń bọ́ sínú òróró òun. Obìnrin yẹn ò sì tètè ń sanwó.

Bíríkìlà Àgbà:
Dúró. Ẹnì kan ń jókòó sábẹ́ ògiri yẹn? Gbòǹgbò ọdán ló di amọ̀ yẹn mú. Tí igi bá hù lára ògiri amọ̀, òkè ni wọ́n ń gé, wọ́n á fi oògùn kun ojú ibi tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á fi gbòǹgbò sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ fà yọ ti ṣí ihò sílẹ̀ fún òjò. Yẹ̀pẹ̀ tó ń bọ́ yẹn, ògiri ló ń rìn.

Kó kúrò níbẹ̀ lónìí. Kẹ́nikẹ́ni má lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, ẹ má fi oparun tì í. Ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á tó ẹsẹ̀ bàtà ogún ní gíga: ẹ na okùn sí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, yípo apá ẹ̀yìn, títí kan ilé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnjiníà ilé, kẹ́ ẹ sì fi tó ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Ọmọ Olóyè:
Ó ti san owó dé oṣù Kejìlá. Tí mo bá ní kó kúrò, á ní kí n dá owó òun padà. Ta ló máa san án? Ẹ̀gbọ́n mi ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ̀yin lẹ sọ pé kì í tètè sanwó.

Ìyá Olóògùn Oko:
Ẹ gbé tábìlì rẹ̀ sí etí títì níwájú ilé, kó jìnnà sí ògiri, kó máa ta níbẹ̀ títí owó rẹ̀ á fi tán. Kò sí dídá owó padà nínú ẹ̀. Òróró gbígbóná ló wà níwájú rẹ̀ o, ọmọ mi.

Ọmọ Olóyè:
Ó dáa. Mo ti rán ọmọ lọ bá a. Sátidé ńkọ́?

Bíríkìlà Àgbà:
Kò sí Sátidé mọ́. Oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ bá ti mú amọ̀ gbẹ, tí ẹnjiníà sì ti wò ó. Títí di ìgbà yẹn, dúró sí òdìkejì títì kó o ya fọ́tò fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ya ògiri ẹ̀yìn náà fún un láti ọgbà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ẹ̀yìn okùn, bóyá á tètè rí owó fi ránṣẹ́.