Èéfín pińkì nínú fíìmù dúdú àti funfun, ṣé fọ́ònù mi ló bàjẹ́ ni?

Ọmọ Arákalẹ̀
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa ló fi fíìmù àwọn ará Japan kan ránṣẹ́ sí mi, High and Low, ọdún 1963 ni wọ́n ṣe é, Akira Kurosawa ló darí ẹ̀. Dúdú àti funfun ni látìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń fara dà á torí ìtàn ẹ̀ wọni lára, wọ́n jí ọmọ gbé wọ́n ń béèrè owó, ohun tí àwa tá a ń rin ọ̀nà oko ní Oǹdó yìí mọ̀ dáadáa. Ó ti lé ní wákàtí kan dáadáa tí mo ti ń wò ó, ni mo bá rí èéfín tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pá gíga kan, pińkì! Pińkì rokoṣo, gbogbo nǹkan yòókù ṣì dúdú bó ṣe wà. Mo pa fọ́ònù, mo tàn án padà, pińkì náà ni. Kí n má parọ́, fọ́ònù yìí já sínú omi lọ́dún tó kọjá. Ṣé ojú ẹ̀ ló fẹ́ lọ ni àbí báyìí ni fíìmù yẹn ṣe rí? Torí ẹni tó ń bá mi tún fọ́ònù ṣe ní Ọjà Ọba ti ń dárúkọ owó ojú tuntun fún mi o.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká
Àbúrò, má fún ìyẹn ní kọ́bọ̀. Fọ́ònù ẹ pé. Ṣó o rántí pé kí wọ́n tó lọ san owó, àwọn ọlọ́pàá fi oògùn kan sínú báàgì owó méjèèjì? Tí ajínigbé bá jù ú sómi, á máa rùn, tó bá dáná sun ún, èéfín pińkì á yọ. Ó wá dáná sun ún. Ibẹ̀ nìkan ni Kurosawa fi àwọ̀ sí nínú odidi fíìmù náà, torí tó bá fi í sílẹ̀ ní dúdú, báwo lèmi àti ìwọ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èéfín ẹni tó ń sun ìdọ̀tí?

Àmọ́ tèmi, ibi ọkọ̀ ojú irin yẹn ló pa mí. Ajínigbé ní kí Gondo, ọ̀gá iléeṣẹ́ bàtà tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹ̀, gbé mílíọ̀nù 30 owó yẹ́n ti Japan wọ ọkọ̀ ojú irin Kodama, kí báàgì má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Gbogbo wa rò pé inú ọkọ̀ ló ti máa wá gbà á, àwọn ọlọ́pàá ti jókòó káàkiri bí èrò. Ó kàn fóònù sínú ọkọ̀ tó ń sáré ni o, pé kó lọ sílé ìwẹ̀, kó ju báàgì gba ojú fèrèsé nígbà tí wọ́n bá kọjá afárá. Fèrèsé yẹn ò sì lè ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ! Ọkọ̀ ò dúró, ọlọ́pàá kankan ò lè bọ́ sílẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi jáde wá wò mí.

Ìyá Ìbejì
Háà, ẹ ti sọ ọ́ tán, èmi tí mo ṣì ń dúró kí NEPA mú iná wá kí n lè wò ó. Ó dáa náà. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ tí wọ́n jí gbé kì í ṣe ọmọ Gondo fúnra ẹ̀?

Dẹ́rẹ́bà Ìjàpò
Òótọ́ ni, ìyá. Ọmọ dẹ́rẹ́bà ẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé méjèèjì ń ṣeré, wọ́n pààrọ̀ aṣọ, ajínigbé wá gbé èyí tí kì í ṣe tọ̀gá. Nígbà tí Gondo rò pé ọmọ òun ni, ó ní iye yòówù kó jẹ́ òun á san. Bí ọmọ ẹ̀ ṣe wọlé wá báyìí, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọdún kọkànlá mi rèé tí mo ti ń wakọ̀ fún ọ̀gá mi. Ọmọ wọn àtọmọ mi jọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà ni, aṣọ tó bá ti kéré jù fún tiwọn, tèmi ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún mi, tí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn géètì tó ń wò wọ́n, èwo ló fẹ́ mọ̀? Nígbà tí dẹ́rẹ́bà yẹn, Aoki, kúnlẹ̀ tó dojú bolẹ̀ níwájú ọ̀gá ẹ̀, mo dá fíìmù dúró, mo lọ mu omi.

Ibì kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n ti rí ọmọ gbà tán, Aoki ń fi mọ́tò gbé e kiri, ó ń jágbe mọ́ ọn pé kó rántí ilé tí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀yin lè rò pé ó ya òǹrorò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ ti di onígbèsè nítorí ẹ̀, ojú ń tì í, ohun tó lè fi san án ò sí ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká
Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ sọ ọ́ o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má sọ Gondo di áńgẹ́lì, ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ ni. Ó ti fi ilé dúró, ó yá owó, ó kó mílíọ̀nù 50 jọ láti fi ra ìpín tó máa sọ ọ́ di olórí iléeṣẹ́ bàtà wọn. Ìyàwó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, àfìgbà tílẹ̀ mọ́.

Ṣúmékà Òkè-Àró
Ó san án àbí kò san án? Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀.

Èmi tí mò ń rán bàtà, mo mọ̀ ọ́n níṣẹ́jú àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà nílé iṣẹ́ gbé bàtà obìnrin kan wá, ó dùn-ún wò, wọ́n ní òun ni kí wọ́n máa tà torí ó pọ́ọ́kú. Gondo kàn fọwọ́ lásán fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Irú bàtà yẹn kún ìgboro Àkúrẹ́ báyìí, ẹ wọ̀ ọ́ lọ òde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e wá bá mi. Nígbà tó wá kan ká tọ́jú oògùn sínú báàgì, ọ̀gá tó ń gbé orí òkè yìí ní kí wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ òun àtijọ́ wá, ó jókòó sílẹ̀, ó ń ṣe é fúnra ẹ̀. Ọmọọṣẹ́ ṣúmékà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbàgbé. Àwọn ọlọ́pàá ń wò ó, ẹnu wọn wọhò.

Ọmọ Arákalẹ̀
Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin àgbà. Mo padà lọ bá ẹni tó ń tún fọ́ònù ṣe, mo ní ojú fọ́ònù mi ò ṣe nǹkan kan, ó ní irọ́ ni. Mo fi èéfín náà hàn án. Ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ kóun rí ohun tó fa èéfín. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ àti kọ́sítọ́mà ẹ̀ méjì la wò ó títí bátìrì fi kú, ó wá fi ṣájà tiẹ̀ sí i fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.