Re: IRESILE OKO (ta ló ń rẹ ọkọ sílẹ̀?)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o.

Àkọlé tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá láìfi àmì kankan sórí ẹ̀, IRESILE OKO, èmi rò pé ìyàwó kan ló ń rẹ ọkọ ẹ̀ sílẹ̀ lójú ayé, mo ti ń múra bí mo ṣe máa bá wọn parí ìjà, àfìgbà tí mo ṣí i tí mo bá sípíríǹgì àti táyà níbẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọkọ̀ asáré ayé àtijọ́ tí ẹni tó ni ín fẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, mímú tí wọ́n ń mú un wálẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ní ká máa pè ní "ìrẹ̀sílẹ̀ ọkọ̀" láti òní lọ.

Èmi ò gbà o. Ẹ̀gbọ́n ti ń túmọ̀ èdè kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn, ẹsẹ̀ wọn ni mo jókòó sí, ṣùgbọ́n eléyìí ò lọ.

Ẹ wo "rẹ̀" inú "ìrẹ̀sílẹ̀" yẹn. Àbúrò kan ti dáhùn pé ohùn àárín ló yẹ kó ní torí "rẹ ara ẹ sílẹ̀" la máa ń wí. Àbúrò, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀lé e ló sọ ọ́ di àárín, bí "rà" ṣe ń di "ra bàtà" náà ni. Fi arọ́pò-orúkọ síbẹ̀ wò, "wọ́n rẹ̀ mí sílẹ̀", ohùn ìsàlẹ̀ á padà sáyè ẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ lẹ́jọ́ nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé rẹ̀ sílẹ̀ ò mọ gíga mọ kúkúrú, iyì èèyàn ló mọ̀. Ẹni tó gbéra ga la ń rẹ̀ sílẹ̀. Ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ta ló rẹ tábìlì sílẹ̀ rí? Tẹ́ ẹ bá gé ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ gé e kúrú ni, tábìlì ò tẹ́. Wàyí o, ọkọ̀ tí èèyàn náwó nára sí, tó họ gbogbo ìpẹtà ara ẹ̀, tó tún un kùn, tó wá mú un sún mọ́lẹ̀ kó lè dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́, òun lẹ ní wọ́n rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹlòmíì tún ní tí ohùn bá ń dà wá láàmú ká kúkú fi ohùn òkè sí i, "ìrẹ́lẹ̀", torí wọ́n ń rẹ́ sípíríǹgì ẹ̀ bí ẹni rẹ́ èékánná. Ẹ gbọ́, ṣé ẹ ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rí? Ọ̀lẹ ló ń rẹ́ sípíríǹgì. Irin tó wé bí òrùka ni, òrùka tẹ́ ẹ bá rẹ́ kúrò, ọkọ̀ á wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó kù á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òrùka tó kéré ò lè tẹ̀ bí èyí tó pọ̀, kòtò kékeré á máa gbá yín nídìí. Mo mọ ẹnì kan tó fi iná gáàsì gé tiẹ̀. Iná yẹn ti ba irin jẹ́, kò pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan fi rọ̀ ju èkejì lọ, ọkọ̀ wá dagun bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín, Porsche 911, ọkọ̀ asáré ilẹ̀ Jámánì, títí wọ́n fi dé 1989, kò ní sípíríǹgì olórùka lábẹ́, ọ̀pá irin tó ń lọ́ ló gbé e dúró, tí wọ́n bá fẹ́ mú un wálẹ̀ wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú eyín irin tó dì í mú, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á dá a padà. Kí lẹ rẹ́ níbẹ̀?

MGB, ọkọ̀ asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiẹ̀ tún wá ba ìrẹ̀sílẹ̀ jẹ́ pátápátá. 1962 ni ọkọ̀ yẹn jáde, ó sún mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tó di 1974, òfin Amẹ́ríkà lórí bọ́ńpà àti gíga iná iwájú dé, àwọn tó ń ṣe é wá fi bọ́ńpà rọ́bà dúdú sí i, wọ́n sì gbé gbogbo ẹ̀ sókè ní nǹkan bí ínṣì kan. Ẹni tó wá ra irú èyí lónìí tó mú un wálẹ̀, àyè ẹ̀ àtijọ́ ló dá a padà sí. Ẹ ń pe ìyẹn ní ẹ̀tẹ́?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ̀yìn MGB, irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n tò léra, èèyàn lè ki bùlọ́ọ̀kù irin sáàárín òun àti ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, kó fi bóòtù tó gùn jù dè é. Tó o bá ṣe tán, o ò gbọ́dọ̀ tíì fa téèpù. Wàá kọ́kọ́ ti ọkọ̀ lọ síwájú, wàá fà á padà sẹ́yìn, wàá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o tó wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí bọ́dì lókè. Kí nìdí? Kó lè balẹ̀ ni. Bà àti ilẹ̀! Eruku ń balẹ̀, ọkàn ń balẹ̀, agbádá olówó ń balẹ̀, kò sí èyí tó tẹ́ nínú wọn. Ìbalẹ̀ ọkọ̀ lèmi ń pè é.

Mo ti gbọ́ ẹni tó máa sọ pé láìlámì, "ibale oko" á di ìbálé, ti ọkọ pàápàá. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí fóònù.

Sà tó ní "ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀" torí pé ọkọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kí yín, ṣùgbọ́n èmi rò pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ Karl Benz, tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò, àti ọdún 1886 ni.

Bàbá tó bí ìyá mi ò mọ̀wé, bó bá rí irú mọ́tò báyìí á ní "èyí ń yọ́ bí ẹkùn". Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò jókòó ṣe ìpàdé lé e lórí. Irú wọn ò sí mọ́, àwa la kù tá à ń fa "rẹ̀" mọ́ra wa lọ́wọ́.

Ti "ògbólógbòó ọkọ̀" tí ẹ̀gbọ́n tún fi kún un pé ká máa pe ọkọ̀ ayé àtijọ́ ńkọ́? Olè la mọ̀ ní ògbólógbòó. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé àwọn ò ní dá mi lóhùn lórí ìyẹn mọ́, èmi náà ò sì tíì gbà.